Gígún, Lílọ àti Gígé: Ìtàn Ẹ̀rọ Ìlọ-kọfí àti Àtúnṣe Rẹ̀ ní Jẹ́ríkò, Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni Yorùbá ń lò fún iṣẹ́ tí ó ń sọ ohun jíjẹ tí ó le di wẹ́wẹ́. Èyí tí a fi ọmọ odó ṣe nínú odó, gígún ni. Èyí tí a fi ọmọ ọlọ ṣe lórí ọlọ, lílọ ni. Èyí tí a fi ọ̀bẹ ṣe, gígé ni. Kò sí ìyá ilé tí yóò sọ pé òun lọ iyán nínú odó. Ìyàtọ̀ yìí lè dàbí ohun kékeré lójú ẹni tí ó ti gbọ́ èdè náà láti kékeré, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ó ń la ìtàn ẹ̀rọ ìlọ-kọfí yéni. Ẹni tí ó bá mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ̀rọ inú ilé òun ń ṣe, yóò mọ ìdí tí kọfí rẹ̀ fi korò ju bí ó ti yẹ lọ, tàbí tí ó fi rí bí omi lásán. Yóò sì mọ ibi tí ó yẹ kí ó fi ọwọ́ kàn nígbà tí ẹ̀rọ náà bá dákẹ́.

Ọlọ ni àgbà

Ọlọ ti bá Yorùbá gbé kí ẹnikẹ́ni tó máa kọ ìtàn sílẹ̀ ní èdè yìí. Òkúta méjì ni: ìyá ọlọ tí ó tẹ́jú, tí ó jókòó sílẹ̀, àti ọmọ ọlọ tí ọwọ́ ń tì lọ tì bọ̀ lórí rẹ̀. Ohun tí ó bá bọ́ sáàárín méjèèjì ni ó ń kúnná. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwúwo òkúta nìkan ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ojú ọlọ ní láti rí ṣákiṣàki. Ó ní láti ní ohun tí a lè pè ní eyín. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, eyín náà a jẹ, ojú ọlọ a dán, ata a sì máa yọ̀ lórí rẹ̀ láìkúnná. Àwọn obìnrin àtijọ́ kì í tìtorí èyí sọ ọlọ nù. Wọn a mú òkúta tí ó le, wọn a máa fi lu ojú ọlọ ní díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tún mú. Lẹ́yìn náà ni wọn a fọ̀ ọ́ dáradára, kí iyanrìn má baà bá ọbẹ̀ wọ inú ìkòkò.

Òfin mẹ́ta ni ọlọ fi lélẹ̀. Èkíní, eyín ní láti mú. Èkejì, ojú méjèèjì ní láti bá ara wọn mu, kí àlàfo má ṣe wà ní apá kan kí ó má sì sí ní apá kejì. Ẹ̀kẹta, ohun tí a lọ lánàá kò gbọdọ̀ kù síbẹ̀ di òní. Kò sí ẹ̀rọ ìlọ-kọfí kan ní ayé, ìbáà ṣe ti ọwọ́, ìbáà ṣe ti iná, tí ó kúrò lábẹ́ òfin mẹ́ta yìí.

Bí ẹ̀rọ ìlọ-kọfí ti bẹ̀rẹ̀

Ilẹ̀ Etiópíà ni igi kọfí tí a mọ̀ sí Arabica ti ṣẹ̀ wá. Ní ilẹ̀ Yemen, àwọn onísìn Mùsùlùmí tí wọ́n ń ṣe àìsùn àdúrà ti ń mu ún ní nǹkan bí ọdún 1450 sí 1500. Láti ibẹ̀ ó dé Mẹ́kà, ó dé Káírò, ó sì dé Istanbul ní àárín ọ̀rúndún tí ó tẹ̀lé e. Ní 1652 ni ilé kọfí àkọ́kọ́ ṣí ní Lọ́ńdọ̀nù. Odó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gún kọfí yíyan ní ìbẹ̀rẹ̀. Títí di òní yìí, bí àlejò bá wọ ilé ní Etiópíà, a lè yan kọfí ní ojú rẹ̀ kí a sì gún un nínú odó. Nítorí náà, bí Yorùbá kan bá gún kọfí nínú odó kékeré tí ó mọ́, kò ṣe ohun àjèjì rárá: ọ̀nà àwọn tí ó kọ́kọ́ mu kọfí ni ó tọ̀.

Ṣùgbọ́n odó ní àbùkù kan. Ohun tí a gún kì í dọ́gba: òmíràn a di lẹ́búlẹ́bú, òmíràn a ṣì jẹ́ ègé ńlá. Omi gbígbóná a máa tètè fa ìkorò jáde láti inú èyí tí ó kúnná jù, kò sì ní lè rí adùn inú ègé ńlá fà. Ìdí nìyí tí àwọn ará Tọ́kì fi ṣe ẹ̀rọ ìlọ-kọfí onídẹ tí ó gùn bí ọ̀pá, tí ó ṣeé mú dání. Ní 1798, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Thomas Bruff gba ìwé àṣẹ ìjọba fún ẹ̀rọ ìlọ-kọfí tí a ń kàn mọ́ ògiri. Ní ilẹ̀ Faransé, ilé iṣẹ́ àwọn Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ẹ̀rọ ìlọ-kọfí ní 1840. Peugeot yìí kan náà ni ó ń ṣe ọkọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Pijó, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Kàdúná ní 1975. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó wọ Pijó 504 láti Ìbàdàn lọ sí Èkó ni kò mọ̀ pé àwọn tí ó ni orúkọ náà ti ń ṣe ẹ̀rọ ìlọ-kọfí fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó ṣe ọkọ̀ kankan. Ìmọ̀ nípa irin líle, tí wọ́n fi ń ṣe eyín ayùn, ni wọ́n fi ṣe eyín ẹ̀rọ náà.

Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ náà kò le láti mọ̀. Àpótí igi kékeré kan ni, tí ó ní ẹnu lókè. Ọ̀pá irin kan dúró ní àárín rẹ̀. Ọwọ́ tí a fi ń yí i wà ní orí ọ̀pá náà, irin eléyín tí ó rí bí òkòtó sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Irin eléyín yìí ń yí nínú òrùka irin kan tí òun náà ní eyín nínú, ṣùgbọ́n tí kì í yí. Eyín ńlá ni ó wà lókè láti fọ́ ẹ̀yà kọfí; eyín wẹ́wẹ́ ni ó wà nísàlẹ̀ láti lọ ọ́ kúnná. Nọ́ọ̀tì kan ni a fi ń gbé òkòtó náà sókè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí àlàfo lè fẹ̀ tàbí kí ó dín. Kọfí tí ó ti kúnná a sì bọ́ sínú dúrọ́ọ̀ kékeré nísàlẹ̀. Òrùka tí kò yí ni ìyá ọlọ. Òkòtó tí ń yí ni ọmọ ọlọ. Kìkì ohun tí ó yí padà ni pé ọwọ́ kò tún tì lọ tì bọ̀ mọ́. Ó ń yí po.

Kọfí ní ilẹ̀ Yorùbá

Kọfí kì í ṣe ohun tí a ń rà láti òkè òkun nìkan. Ní 1887, ní ìgbà Gómìnà Alfred Moloney, ìjọba Èkó dá ọgbà ohun ọ̀gbìn sílẹ̀ ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta, kọfí sì wà lára àwọn irúgbìn tí wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ńlá ìhà Agége gbin kọfí pẹ̀lú kòkó. Nígbà tí ọ̀rúndún náà fi ń parí lọ, owó kọfí já wálẹ̀ gidigidi ní ọjà ayé, kòkó sì gba ipò rẹ̀. Bí ó ti rí bẹ́ẹ̀, kọfí kò parun. Ní agbègbè Kábà àti Ìyàmoyè, láàárín àwọn Yorùbá Òkun tí wọ́n wà ní Ìpínlẹ̀ Kogí láti 1991, kọfí Robusta di ohun ọ̀gbìn tí a mọ ilẹ̀ náà mọ́.

Ìbàdàn ni ìwádìí nípa kọfí fi ṣe ibùdó. Ní 1944 ni a dá ilé ìwádìí kòkó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Tafo, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gold Coast nígbà náà. Ẹ̀ka rẹ̀ ti Nàìjíríà sì wà ní Ìbàdàn. Ní 1964, ẹ̀ka yìí di Ilé Ìwádìí Kòkó ti Nàìjíríà, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ ní ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kòkó nìkan ni ó ń jẹ́, kọfí wà nínú iṣẹ́ tí a fi lé e lọ́wọ́. Ní 1977 ìjọba dá àjọ kòkó kan sílẹ̀ tí ó ń ra kọfí pẹ̀lú. Ní 1986 wọ́n tú irú àjọ bẹ́ẹ̀ ká, àgbẹ̀ kọfí sì kù òun nìkan pẹ̀lú àwọn oníṣòwò.

Jẹ́ríkò àti kọfí inú agolo

Ní 1901 ni ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn. Ìbùdókọ̀ rẹ̀ wà ní ìhà Dùgbẹ̀, lẹ́yìn odi ìlú àtijọ́, ìhà ibẹ̀ náà ni àwọn òyìnbó ìjọba àti àwọn oníṣòwò wọn sì fi ṣe ibùgbé. Jẹ́ríkò jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tí a yà sọ́tọ̀ fún wọn: ilẹ̀ gbòòrò, igi púpọ̀, ilé tí ó jìnnà sí ara wọn. Nígbà tí agbára ìjọba bọ́ sí ọwọ́ ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà, àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n jẹ́ ọmọ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí gbé inú ilé wọ̀nyí. Àdúgbò náà tún di ibùjókòó àwọn onímọ̀ nípa igi àti èso: ilé ìwádìí nípa igbó, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1954, wà ní Òkè Jẹ́ríkò; ti ewébẹ̀ àti èso, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1975, wà ní Ìdí-Iṣin nítòsí rẹ̀.

Ní ayé tí àwọn òyìnbó wọ̀nyí ti wá, ẹ̀rọ ìlọ-kọfí ọlọ́wọ́ jẹ́ ohun èlò ilé ìdáná bí ìkòkò àti abọ́. Ṣùgbọ́n kò di ohun èlò ilé Yorùbá, ohun tí ó sì fà á ni a lè fi ọdún kan tọ́ka sí. Ní 1938, ilé iṣẹ́ Nestlé ní Switzerland gbé Nescafé jáde. Kọfí inú agolo yìí, wọ́n ti yan án, wọ́n ti lọ ọ́, wọ́n ti fi omi gbígbóná fa adùn rẹ̀, wọ́n sì ti gbẹ omi náà kúrò kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí ó rà á. Omi gbígbóná nìkan ni ó kù. Nígbà tí kọfí fi di ohun mímu ní ilé àwọn akọ̀wé Ìbàdàn, inú agolo ni ó ti ń wá, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ fi ẹ̀rọ ìlọ-kọfí ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ Kábà ń gbin kọfí, tí ilé Jẹ́ríkò ń mu kọfí, tí àwọn méjèèjì kò sì pàdé, nítorí pé ohun tí ì bá so wọ́n pọ̀, èyíinì ni yíyan àti lílọ, kò sí nínú ilé.

Ẹ̀rọ ìlọta, àrólé ọlọ

Láàárín ìgbà kan náà, ọlọ ti bí ọmọ mìíràn ní ọjà Ìbàdàn. Ẹ̀rọ ìlọta tí a ń gbọ́ ariwo rẹ̀ ní gbogbo ọjà ní àwo irin méjì tí ó kọjú sí ara wọn, tí eyín wà lójú wọn. Ọ̀kan dúró mọ́ ara ẹ̀rọ. Ìkejì wà ní orí ọ̀pá tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí. Irin kan tí ó lọ́ bí ìgbín ń ti ata tàbí àgbàdo sáàárín àwo méjèèjì, ọ̀pá onísíkúrù tí ó ní ọwọ́ sì ń fún àlàfo pọ̀ tàbí ó ń tú u. Nígbà tí oníbàárà bá ní, “Ẹ jẹ́ kí ó kúnná dáadáa,” ọwọ́ yìí ni ẹni tí ń lọta ń yí. Nígbà tí eyín àwo bá jẹ, ó mọ̀ láti ara ìró ẹ̀rọ àti láti ara bí ẹ̀wà ti ń gbóná jáde. A pààrọ̀ àwo náà. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé kò dára kí àwo méjì máa ha ara wọn nígbà tí kò sí nǹkan láàárín wọn, nítorí pé irin tí ó bá jẹ kì í lọ sí ibòmíràn. Inú oúnjẹ ni ó ń bọ́ sí.

Yàtọ̀ sí títóbi, kò sí ohun tí ó ya ẹ̀rọ yìí kúrò lára ẹ̀rọ ìlọ-kọfí. Ẹni tí ó lè tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe ní Dùgbẹ̀ ti mọ ohun tí ó pọ̀ jùlọ nínú àtúnṣe ẹ̀rọ ìlọ-kọfí tí ó bàjẹ́ ní Jẹ́ríkò, bí kò tilẹ̀ tíì fojú rí i rí.

Ẹ̀rọ oníná, àti èyí tí kì í lọ nǹkan

Ẹ̀rọ ìlọ-kọfí oníná fún ilé kì í ṣe ohun àná. KitchenAid ti Amẹ́ríkà ti gbé ọ̀kan jáde ní 1937. Méjì ni irú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ lónìí. Irú kìíní ní àwo eléyín méjì tàbí òkòtó nínú òrùka, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣàlàyé. Lílọ ni ó ń lọ kọfí ní tòótọ́. Irú kejì, tí owó rẹ̀ kéré jù, ní abẹ kan ní ìsàlẹ̀ ife, tí ń yí pẹ̀lú ìyára ńlá. Ife kékeré tí ó máa ń bá bùlẹ́ńdà wá, tí a fi ń lọ ẹ̀gúsí àti edé gbígbẹ, irú rẹ̀ ni. Orúkọ ẹ̀rọ ìlọ ni a kọ sí ara páálí rẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá tí ó gbọ́ èdè rẹ̀ yóò rí i pé gígé ni ó ń gé. Kò sí ojú méjì tí ó pàdé, kò sí àlàfo tí a lè wọ̀n. Ìṣẹ́jú tí a fi tẹ̀ ẹ́ nìkan ni ó ń sọ bí kọfí yóò ti kúnná tó. Nítorí náà, ẹni tí ó ní irú èyí kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́. Kí ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ó fi sílẹ̀, kí ó gbọn ife náà, kí ó tún tẹ̀ ẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìsàlẹ̀ yóò di lẹ́búlẹ́bú nígbà tí òkè ṣì jẹ́ ègé, mọ́tò yóò sì gbóná.

Ìtọ́jú àti àtúnṣe

Ohun àkọ́kọ́ nínú ẹ̀rọ oníná ni pé kí a yọ ọ́ kúrò lára iná pátápátá kí ọwọ́ tó kan inú rẹ̀. Pípa súìṣì kò tó.

Ìdọ̀tí ni ó ń ba ẹ̀rọ jẹ́ jù. Kọfí yíyan ní òróró nínú. Òróró yìí a máa lẹ̀ mọ́ eyín, a sì máa kan bí ó bá pẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí a fi gbá eyín náà. Omi kò yẹ irin eléyín, nítorí ìpẹtà. Ilé tí ó ya ọlọ ata sọ́tọ̀ láyé àtijọ́ kì yóò sì nílò àlàyé pé ife tí a fi lọ edé kò yẹ fún kọfí.

Bí ẹ̀rọ bá há lójijì, òkúta kékeré ni ó sábà máa ń fà á. Kọfí tí a sá sí orí ilẹ̀ a máa ní òkúta nínú, tí àwọ̀ rẹ̀ kì í yàtọ̀ púpọ̀ sí ti kọfí. Kí a ṣa kọfí bí a ti ń ṣa ẹ̀wà kí a tó lọ ọ́. Bí ó bá ti há, kí a má ṣe fi agbára yí i: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí a da kọfí inú rẹ̀ jáde, kí a yí i sẹ́yìn díẹ̀ bí ó bá jẹ́ ti ọwọ́, kí a sì tú òrùka láti yọ òkúta náà. Kí a tó tú òrùka, ó dára kí a fi bírò fa ìlà sí ibi tí ó wà, kí a lè mọ ibi tí yóò padà sí.

Bí ọwọ́ ẹ̀rọ bá ń mì, tí kọfí ńlá àti kọfí lẹ́búlẹ́bú sì ń jáde pọ̀, ojú méjèèjì kò bá ara wọn mu mọ́. Kí a kọ́kọ́ fún nọ́ọ̀tì tí ó wà ní orí ọ̀pá. Bí kò bá dá a dúró, ihò tí ọ̀pá ń yí nínú rẹ̀ ni ó ti fẹ̀. Tọ́nà lè ṣe irin mìíràn tí yóò fi dí i. Lẹ́yìn tí a bá ti tò ó tán, kí a rọra fún àlàfo títí ìró híha yóò fi bẹ̀rẹ̀, kí a sì tú u padà díẹ̀. Ibẹ̀ ni òpin kíkúnná ẹ̀rọ náà.

Bí lílọ bá ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí kọfí sì ń gbóná jáde, eyín ti jẹ. Eyín irin àtijọ́ tí kò le jù ṣeé fi fáìlì kékeré pọ́n. Eyín irin tí a fi iná mú le kò gba fáìlì; ti amọ̀ líle pẹ̀lú kò ṣeé pọ́n. Pípààrọ̀ ni tiwọn.

Bí ẹ̀rọ oníná bá dákẹ́ láìhan, kí a yẹ fíúsì inú púlọ́ọ̀gì wò, nítorí ọ̀pọ̀ púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní fíúsì nínú. Kí a wo ìdérí: ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí kì í ṣiṣẹ́ bí ìdérí kò bá tẹ súìṣì kékeré kan mọ́lẹ̀. Bí ó bá ti gbóná jù, ohun kan nínú rẹ̀ lè ti gé iná dànù. Kí a fi sílẹ̀ kí ó tutù. Bí iná bá ń ta pàrà nínú mọ́tò, tí òórùn jíjó sì ń jáde, káábọ́ọ̀nù méjì tí ń gbé iná fún ibi tí ń yí lè ti jẹ tán. Owó wọn kéré, a sì ń pààrọ̀ wọn ní méjì méjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, kí a kọ́kọ́ ka ohun tí a kọ sí ìdí rẹ̀. Iná 120 ni ti ibẹ̀. 230 ni ti Nàìjíríà. Bí kò bá sí tiransifọ́mà tí ń dín iná kù láàárín wọn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò fi jó, àwọn tí ń wé wáyà mọ́tò nìkan ni ó sì lè gbà á là lẹ́yìn ìyẹn.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Ìbàdàn kò ṣe aláìní nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tọ́nà, àwọn wẹ́dà, àwọn tí ń wé wáyà, àwọn tí ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Géètì Agodi, gbogbo wọn ni ó ní apá kan lára ìmọ̀ tí ẹ̀rọ kékeré yìí ń béèrè. Bí ilé kan ní Jẹ́ríkò bá ra kọfí Kábà, tí ó yan án, tí ó sì lọ ọ́ fúnra rẹ̀, owó yóò dé ọwọ́ àgbẹ̀ láìkọ́kọ́ kọjá òkè òkun. Bí ẹ̀rọ náà bá sì bàjẹ́, owó àtúnṣe yóò dúró ní Ìbàdàn. Ilé tí ó bá ń sọ ẹ̀rọ nù nítorí nọ́ọ̀tì tí ó tú tàbí fíúsì tí ó jó, yóò máa ra òmíràn títí láé.

Ọ̀rọ̀ pẹ̀lú wà níbẹ̀ láti gbà là. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wọ̀nyí ní orúkọ fún gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ, fún gbogbo àìsàn rẹ̀ àti fún ìró tí ó ń dún kí ó tó dákẹ́. Díẹ̀ nínú orúkọ wọ̀nyí ni ó wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ìwé àti bírò, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀ bí a ti ń kọ ti babaláwo àti ti ọlọ́fì, nítorí pé àwọn ni wọ́n jogún èdè àwọn obìnrin tí ń tún ojú ọlọ ṣe.